Ẹ gbà mí o: iye tí Ṣáínà kọ àti iye tí Yúróòpù kọ ò bára mu, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì kù

Ọmọ Ìbàdàn, Duisburg:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ má bínú pé òru ni mò ń kọ èyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n fi orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí mi sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n mi sì dá a padà lónìí. Ó fi bírò pupa yí ìlà kan po nínú àtẹ kejì, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ gba èyí gbọ́?" Kò kọ nǹkan míì.

Ohun tí mò ń sọ ni pé orílẹ̀-èdè EU tó bá ń ra ọjà Ṣáínà jù ni kì í fẹ́ bá Ṣáínà fa wàhálà tí wọ́n bá jókòó ní Brussels. Mo lọ sórí Eurostat, iléeṣẹ́ tó ń ka nǹkan fún EU, mo kó iye tí kálukú ń rà wọlé. Nẹ́dálándì ló ṣíwájú! Ó ju Jámánì lọ. Mo ní kí n fi ti kọ́sítọ́ọ̀mù Ṣáínà gbè é lẹ́sẹ̀, ìyẹn tún gbé iye mìíràn wá, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Èwo ni kí n gbà? Àbí kí n yọ Nẹ́dálándì kúrò pátápátá? Mi ò rí oorun sùn.

Bọ̀dá Rotterdam:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Gbogbo ẹrù tó ń bọ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ṣé àwọn ará Èkó ló ń lò ó tán? Ẹrù Kánò wà níbẹ̀, ti Oníṣà wà níbẹ̀. Bí tiwa ṣe rí níbí nìyẹn. Ọkọ̀ òkun á gúnlẹ̀, wọ́n á san owó kọ́sítọ́ọ̀mù níbí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Nẹ́dálándì rà á lọ́wọ́ Ṣáínà. Kò ní pẹ́, wọ́n á ti gbé kọ̀ǹtẹ́nà kan náà gba odò Rhine wá bá ẹ ní Duisburg níbẹ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, Jámánì á kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ Nẹ́dálándì ló ti wá. Orúkọ Ṣáínà ti pòórá nínú ìwé nìyẹn. Ìlú mi gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́: Rotterdam effect.

Lọ wo ìwé CBS, àwọn tó ń ka nǹkan fún ìjọba Nẹ́dálándì. Wọ́n ya ẹrù tó wọlé tó tún jáde sọ́tọ̀, wederuitvoer ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Sista Leiden:
Bọ̀dá ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n yẹ nǹkan kan wò kó o tó sùn: ṣé EU27_2020, ìyẹn EU láìsí Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, lo lò láti òkè délẹ̀? Nígbà tí mò ń kọ tèmi, mo lo iye orílẹ̀-èdè 28 títí dé 2019, mo wá so iye orílẹ̀-èdè 27 mọ́ ọn láti 2020. Àdéhùn òwò EU àti Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní February 2019, èmi wá kọ ojú ewé mẹ́rìnlá lórí ìdí tí àdéhùn náà fi já kulẹ̀. Òwò ò já. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó ẹrù wọn jáde kúrò nílé. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tún un kọ, mo sì san owó ilé ìwé oṣù mẹ́ta ọ̀hún láti àpò ara mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Hamburg:
Oṣù mẹ́ta ṣì dáa. Páńẹ́ẹ̀lì sólà ni èmi ń tọ pinpin. Kóòdù ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń lò, 854140, ni mo fi ń fa iye rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Mo dé 2022, òfo! Mo bá kọ ọ́ pé Yúróòpù ti ń kẹ̀yìn sí sólà Ṣáínà. Mo gbé e lọ sí àpérò. Mo sọ̀rọ̀ tán, ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mọ́ òrùlé ilé mi?" Ọdún yẹn gan-an ni gbogbo Yúróòpù ń rọ́ lọ rà á, nítorí ogun Ukraine àti gáàsì Rọ́ṣíà. Wọ́n ti pín kóòdù náà sí mẹ́rin láti January 2022: 41, 42, 43 àti 49. 854143 ni àwọn páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti tò pọ̀ kó lọ. Àbúrò, kóòdù ọjà kì í dúró sójú kan. Yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún kọ̀ọ̀kan.

Bọ̀dá Lyon:
Kí lẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọ yìí sí? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Pa iye Eurostat àti ti Ṣáínà pọ̀, pín in sí méjì, kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ pé bó o ṣe ṣe é nìyẹn. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì yege.

Bọ̀dá Rotterdam:
Ha! Rárá o. Àbúrò, má ṣe é. Ṣáínà ń ka iye tí ọjà jẹ́ ní èbúté ibi tó ti gbéra. Yúróòpù ń fi owó ọkọ̀ àti owó ìbánigbófò lé e kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2021 tí owó kọ̀ǹtẹ́nà gun òkè àjà, ẹ wo bí àlàfo yẹn á ṣe fẹ̀ tó, láìjẹ́ pé aṣọ kan ṣoṣo lé sí i nínú ọkọ̀. Ẹ fi ẹrù tó gba Hong Kong kọjá kún un. Kí wá ni ìdajì irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n?

Bọ̀dá Lyon:
Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ìdí tí mo fi gbọ́ ti méjèèjì nìyẹn. Mo sì ti yí dọ́là sí yúrò kí n tó pín in.

Sista Leiden:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì kì í pín ẹjọ́ náà sí méjì. Á bi kálukú ní ibi tó dúró sí àti ohun tó fojú rí. Ẹnì kan dúró ní Shanghai, ẹnì kejì dúró ní Rotterdam. Tẹ́ ẹ bá pín in sí méjì, àárín òkun lẹ já sí, kò sì sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó ń ra nǹkan.

Bọ̀dá Lyon:
Ó dáa. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ mi wò ò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní jà lóru.

Ọmọ Èkìtì, Brussels:
Mo ti ń ka gbogbo yín láti òkè. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jìn ju àtẹ kejì lọ. Ẹ wo Lithuania. Ọjà tí wọ́n ń tà fún Ṣáínà tààrà ò tó nǹkan. Wọ́n jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ 17+1, ẹgbẹ́ Ṣáínà pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè àárín àti ìlà oòrùn Yúróòpù, ní 2021. Ní November ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbà kí Taiwan fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ní Vilnius. Kọ́sítọ́ọ̀mù Ṣáínà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù wọn. Àwọn ará Jámánì ló wá ń pariwo jù, torí wọ́n ń fi èròjà láti Lithuania ṣe ọjà tí wọ́n ń tà ní Ṣáínà. January 2022, EU gbé ẹjọ́ náà lọ sí WTO, àjọ òwò àgbáyé. Àbúrò, ìlà wo nínú àtẹ rẹ ni ìyẹn máa hàn sí? Ta ní ń ra nǹkan lọ́wọ́ ta nìkan kọ́ ni, ọwọ́ ta ló wà nínú ọjà ta ni. OECD ní TiVA, tó ń tọ owó tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi kún ọjà. Lọ wò ó.

Àti pé Gíríìsì, tí kì í ṣe olórí ọjà rárá, ló dí EU lọ́wọ́ níbi ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn UN ní Geneva ní June 2017, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Ṣáínà. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni COSCO, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìjọba Ṣáínà, san mílíọ̀nù 280.5 yúrò gba ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún ní èbúté Piraeus.

Ẹ̀gbọ́n Piraeus:
Mo mọ̀ pé ẹ máa débẹ̀. Àbúrò, jọ̀wọ́, má kọ ọ́ pé Ṣáínà ra Gíríìsì. Perama ni mò ń gbé. Tí mo bá ṣí fèrèsé ilé ìdáná láàárọ̀, kirénì ni mo kọ́kọ́ ń rí, wọ́n tò lọ bí àgùnfọn tó dúró sétí odò. Àwọn tí Gíríìsì jẹ lówó nínú Yúróòpù kan náà ló ní kí ìjọba ta dúkìá. Nígbà tí wọ́n gbé e síta, àwọn wo nínú Yúróòpù ló wá rà á? Àwọn ará Ṣáínà sì ti wà níbẹ̀ láti 2008, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ọdún 35 lórí èbúté kọ̀ǹtẹ́nà, kí gbèsè tó bú jáde. Ní 2021 ni wọ́n mú un dé 67. Hamburg pàápàá ta 24.99 ní Tollerort, èbúté kọ̀ǹtẹ́nà wọn kan, fún COSCO, ẹnì kankan ò sì pè wọ́n ní ẹrú Ṣáínà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Hamburg:
Ẹ má fi Hamburg wé Piraeus o. 35 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbà, ìjà ló sọ ọ́ di 24.99 kí COSCO má bàa ní àṣẹ lórí ìpinnu ibẹ̀. Ìlú tó gbọ́n nìyẹn.

Ọmọ Ìbàdàn, Duisburg:
Ìlú tó gbọ́n ni tiwa! Láti 2011 ni rélùwéè ti ń ti Chongqing wá bá wa, nǹkan bíi kìlómítà 11,000, kò sì nílò òkun yín.

Bọ̀dá Rotterdam:
Ó ń dúró ní ààlà Kazakhstan kí wọ́n gbé kọ̀ǹtẹ́nà bọ́ sórí rélùwéè míì, wọ́n tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ààlà Poland, torí irin Kazakhstan, Rọ́ṣíà àti Belarus fẹ̀ ju ti Ṣáínà àti tiwa lọ. Kọ̀ǹtẹ́nà mélòó ni rélùwéè kan ń gbé? Ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo níbí lè kó ju ogún ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹtẹ́nà kékeré lọ. Ẹ lọ jókòó.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ẹ̀ ń jà lórí èbúté bíi pé àná ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mò ń ṣe máásítáàsì, ìwé East India Company, iléeṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ni mò ń kà ní British Library. Mo mú bírò wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n dá mi padà. Pẹ́ńsùlù nìkan ni. Àbúrò, tó o bá ń bọ̀, rántí.

Lọ́jọ́ kan, mò ń ka ẹrù inú ọkọ̀ kan: ata, aṣọ, àti owó ẹyọ. Owó ẹyọ! Láti erékùṣù Maldives, gba Bengal, wá sí London, kí ọkọ̀ àwọn tó ń ra èèyàn tó kó o lọ sí Ouidah. Ìyá ìyá mi ní Abẹ́òkúta ní igbá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kún fún owó ẹyọ, ó máa ń fi aṣọ funfun nù ún. Mo rò pé odò wa ni wọ́n ti kó o. Ẹ ò ní mọ bó ṣe ṣe mí. Mo pa ìwé náà dé, mo jáde lọ dúró nínú òjò ní Euston Road.

Sista Leiden:
Amsterdam náà kó tirẹ̀ o. VOC, iléeṣẹ́ òwò Nẹ́dálándì láyé àtijọ́, ló ń gbé e wá láti Éṣíà, wọ́n sì ń fi gbàǹjo tà á. Ìwé wọn wà ní Den Haag, láti 1602, ó ju kìlómítà kan lọ lórí pákó. Àwọn ará Hamburg ló wá parí rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Wọ́n lọ kó ẹyọ láti Zanzibar, wọ́n dà á sí Èkó títí owó ẹyọ ò fi ra nǹkan mọ́.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ gbọ́? Ẹ dá owó ìyá ìyá mi padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Hamburg:
Mà á fi iṣu san án. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé iṣu Hamburg dáa ju ti Peckham lọ.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Iṣu wo? Èyí tó ti gbẹ bíi pákó kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹ wá sí Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé kẹ́ ẹ wá rí iṣu.

Ọmọ Ìbàdàn, Duisburg:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. Mo ti yí àkọlé àtẹ kejì padà. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi tí ẹrù ti wọ EU ló ń fi hàn, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti lò ó. Mo ti rí wederuitvoer náà. Mi ò pín nǹkan kan sí méjì. Ìlà Gíríìsì ló kù. Ẹ̀gbọ́n Piraeus, ṣé 2008 ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí 2016?

Ẹ̀gbọ́n Piraeus:
Ọ̀rọ̀ gígùn nìyẹn. Mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Jẹ́ kí n délé.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ta ló ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù yìí? Èlùbọ́ ti tán nílé mi láti ọjọ́ Àìkú.