Àbọ̀ rèé: owó fídíò láíbìrì wa kò jò mọ́

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá wa lóhùn. Ìbéèrè wa ni pé owó fídíò láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí ní Amẹ́ríkà ń tán kí sáà tó parí, àti pé fídíò kì í ṣí fún ẹni tó bá wà nílé.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni pé a ní kí àwọn tó fẹ́ lo fíìmù máa bèèrè kí a tó rà á. Nínú àdéhùn àtijọ́, bí wọ́n bá ti wo fíìmù kan lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 30, a ti ra láísẹ́ǹsì (àṣẹ ìlò) ọdún kan nìyẹn, $150. Ẹni tó kàn yọjú wò ó ti náwó! Ní báyìí, fọ́ọ̀mù ni: orúkọ kọ́ọ̀sì àti ọjọ́ tí wọ́n máa lò ó. Ẹ yọ àkọsílẹ̀ MARC (ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kátálọ́ọ̀gì fi ń mọ ohun kọ̀ọ̀kan) ti fíìmù tẹ́ ẹ ò tíì rà kúrò nínú kátálọ́ọ̀gì o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù á bò yín mọ́lẹ̀.

Ti EZproxy, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà nílé lè lo ohun tí láíbìrì rà, yanjú díẹ̀. Ojú-ewé ń ṣí, àmọ́ fídíò dúdú, torí pé orí sáfà mìíràn ló ti ń wá. Ẹ tẹ F12 nínú bíráósà, ẹ wo abala Network, ẹ máa rí orúkọ sáfà tó kọ̀. A fi ìlà HJ rẹ̀ (ìlà tó ń sọ fún EZproxy pé kó gba sáfà náà láàyè) kún config.txt, fáìlì ètò EZproxy, a pa EZproxy, a tún un tàn, ó ṣí. Áàpù fídíò orí fóònù kì í gba inú EZproxy kọjá. Bíráósà ni kí wọ́n lò.

Èyí tó kù ni fíìmù tí wọn kì í ta fún láíbìrì rárá. DVD la ṣì ń rà: abala 110(1) òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ gbà kí olùkọ́ fi hàn nínú kíláàsì ojúkojú, kò kan kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì.