Aago Seiko bàbá mi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjùwọ́ kò wáìnì ẹ̀ mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ aago, ẹ gbà mí o. Seiko 5 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo tú, ẹ̀rọ 7009A ló wà nínú ẹ̀. Kò lo bátìrì, kò sì ṣeé wáìnì látẹ̀gbẹ́. Ìjùwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń wáìnì ẹ̀. Aago àkọ́kọ́ tí mo máa tú nìyí. (Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ fi aago ògiri kọ́ṣẹ́. Mi ò gbọ́.)

Mo fi epo láítà fọ̀ ọ́, mo kán òróró aago sí i, mo tò ó padà. Àmọ́ tí mo bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, á ti kú kó tó di ọ̀sán. Irin wúwo ẹ̀yìn ẹ̀ sì ń yí dáadáa, mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo fi sukurudíráfà wáìnì ẹ̀ láti inú, ó ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó tún di ìrọ̀lẹ́. Sùpíríǹgì kọ́ ló bàjẹ́ nìyẹn.

Irin pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ méjì tó ń fi yíyí irin wúwo yẹn wáìnì sùpíríǹgì, tó há kẹ̀kẹ́ eléyín mọ́ àárín bí èékánná akàn, ni mo fura sí. Ọwọ́ kan ń fa kẹ̀kẹ́. Èkejì kàn ń yọ̀ lórí eyín ni, ìbáà jẹ́ ọ̀tún ni mo yí i sí tàbí òsì. Mo ti tún un tò lẹ́ẹ̀mejì. Mo kán òróró sí ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé òróró yẹn ló ń mú un yọ̀, àbí ẹnu ẹ̀ ló ti jẹ? Báwo ni mo ṣe máa dá méjèèjì mọ̀ kí n tó ra òmíràn?