Apẹ̀rẹ̀ wúlù mi kọ̀ kò súnkì o, mo ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta

Ìyá Tọ́mi, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí kí àwọn ọmọ yìí má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Àbúrò mi tó wà ní London ló fi maṣíìnì níìtìn kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó rí roboto, tó ní abẹ́rẹ́ 48, téèyàn á máa yí ọwọ́ ẹ̀ tí nǹkan á sì máa jáde nísàlẹ̀ gbọọrọ bí ìfun màlúù. Mo ti hun fìlà fún gbogbo ará ilé, kódà dádì Tọ́mi tó ní òun ò lè dé nǹkan obìnrin ti ní méjì báyìí. Mo wá rí fídíò kan, òyìnbó kan hun tiẹ̀ gùn gbọọrọ, ó rán ìdí ẹ̀ pa, ó jù ú sínú wáṣìn maṣíìnì, nígbà tó máa fi yọ ọ́ ó ti súnkì, ó ti ki, ó dá dúró lórí tábìlì bí igbá, ló bá ń kó òwú àti àlùmọ́gàjí sí i. Mo ní ha, èmi náà á ṣe èyí, torí bọ́tìnnì àti síìpù ti gba gbogbo ilé mi.

Mo ra wúlù ní Dùgbẹ̀, ìyá tó tà á fún mi búra pé ojúlówó ni. Mo hun ìlà 120. Wáṣìn maṣíìnì tèmi ni èyí tó lójú méjì, kì í gbé omi gbóná, torí ẹ̀ mo fi kẹ́túlù se omi, mo da ọṣẹ sí i, mo jẹ́ kó yí fún ogún mínìítì. Kò sí nǹkan kan. Mo tún ṣe é, pàbó ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi ọwọ́ bó o bí ẹni ń bó ẹ̀wà àkàrà, ó kàn yọ irun wúúwúú lára ni, ó sì tún gùn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ! Mo gbé e nàró, ó wó sílẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí rọ́bà ẹ̀ ti já. Ṣé maṣíìnì ni àbí omi ni ò gbóná tó?

Sisí Olówùú, Manchester

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Maṣíìnì yín ò ṣẹ̀, omi náà ò ṣẹ̀, wúlù yẹn ni. Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń dirun ni, tí wọ́n ń pè ní Brazilian wool? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ yáa sinmi, kò sí irun àgùntàn kankan nínú ẹ̀, àkírílíìkì ni, ọmọ ìyá ike. Nílé, gbogbo òwú tó bá ti nípọn tó sì rọ̀ la máa ń pè ní wúlù, orúkọ yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ lè máa fi omi gbígbóná lu ike títí di ọdún tó ń bọ̀, ohun tó ṣe fún yín yẹn náà ló máa ṣe, á rọ̀, á sì gùn.

Wúlù gidi ní ìpẹ́ lára bí ẹja, ó kàn kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i ni. Tí omi gbígbóná àti ọṣẹ bá kàn án, ìpẹ́ yẹn á ṣí, téèyàn bá wá ń rún un, irun kan á wọnú irun kejì, wọ́n á kọ́ ara wọn lọ́rùn, kò sì sí pé wọ́n fẹ́ padà sẹ́yìn mọ́. Ìyẹn ni felt. Ooru nìkan ò tó o, rírún yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Ẹ gé díẹ̀ lára òwú yẹn, bí ìka kan báyìí, ẹ fi nǹkan irin dì í mú lórí síǹkì, ẹ ṣáná sí i. Wúlù gidi á rùn bí irun tó jó, iná ẹ̀ á kú fúnra ẹ̀, eérú tó bá kù á fọ́ lúúlúú tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Àkírílíìkì á yọ́, á yọ èéfín dúdú, á wá dì sí kókó kan tó le bí òkúta. Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn títí tó fi máa tutù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ.

Kódà tẹ́ ẹ bá rí wúlù gidi, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá kọ superwash sí i, ẹ dá a padà, wọ́n ti pa ìpẹ́ yẹn kí wọ́n lè máa fi maṣíìnì fọ̀ ọ́. Mo ti jìn sí kòtò yẹn rí, bọ́ọ̀lù mẹ́rin, owó gidi, mo fọ̀ ọ́ ní 60 dígíríì, ó jáde wá bí ẹni pé ó lọ gba atẹ́gùn.

Èyí tí mo wá fi ṣe tèmi ni Léttlopi, wúlù àwọn ará Iceland, ó máa ń yún ara àmọ́ ó máa ń súnkì bí ẹni ń sáré. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́, ó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 22, ó gùn ní 60. Nígbà tó jáde, ó fẹ̀ ní 16, ó gùn ní 38. Ṣé ẹ rí i pé gígùn ló ń súnkì ju fífẹ̀ lọ, torí náà ẹ hun ún gùn dé ibi tójú ń ti yín. Ẹ sì mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹnu ẹ̀ ò ní ju ti agolo Milo lọ. Bọ́tìnnì àti síìpù á gbà á, bébà ò ní gbà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ńlá, ẹ yí bọ́tìnnì maṣíìnì yẹn sí P, kó máa hun pẹlẹbẹ, ẹ hun márùn-ún, mẹ́rin fún ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún ìdí, ẹ rán wọn pọ̀ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́.

Ìdí yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa abẹ́rẹ́ 48 jọ sójú kan bíi ti fìlà, ó máa yọ ìdodo ni, apẹ̀rẹ̀ yín á máa jó lórí tábìlì. Ẹ rán an pa gbọọrọ, ẹ wá mú igun méjèèjì, ẹ fà á ṣóńṣó, ẹ rán an kọjá bí wọ́n ṣe ń rán ìdí báàgì, á jókòó. Òwú tẹ́ ẹ rà ní Dùgbẹ̀ ò ṣòfò o, ẹ fi hun ìlà bíi márùn-ún kẹ́ ẹ tó so wúlù gidi mọ́ ọn, ẹ tún fi parí ẹ̀, ẹ ó tú u dànù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi abẹ́rẹ́ kó gbogbo ojú ẹ̀. Ẹ yí ọwọ́ maṣíìnì níìtìn yẹn jẹ́jẹ́. Tí ojú kan bá já, ẹ fi abẹ́rẹ́ kúróṣè gbé e kó tó wọ omi, irọ́ ni pé felt á dí i.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ obìnrin, ìyàwó mi ló fi hàn mí. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa lé àgùntàn Iléyá kiri pẹ̀lú àlùmọ́gàjí o. Àwọn tiwa níbí, àti kúkúrú ilẹ̀ Yorùbá àti Yankasa tó ń wá láti òkè Ọya, irun bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára wọn, kì í ṣe wúlù. Nínú ooru yìí kí ni wọ́n fẹ́ fi kóòtù ṣe? Bọ̀lọ̀jọ̀ tá a máa ń kì wọ́n yẹn, ọ̀rá ni.

Àǹtí Bọ́síkọ̀rọ̀, Èkó

😂😂 Dókítà ẹ ṣeun. Ìyá Tọ́mi, ẹ má jẹ́ kí Sisí Manchester fi Iceland dẹ́rù bà yín, wúlù gidi wà lórí ilẹ̀ ní gbogbo ọjà òkìríkà, ìdí sùwẹ́tà ni kẹ́ ẹ lọ. Òyìnbó ti wọ̀ ọ́, ó ti sú wọn, wọ́n kó o wá síbí, oòrùn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á, ẹ̀gbẹ́ àwọn jákẹ́ẹ̀tì ló máa ń wà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 100% wool tàbí pure new wool sí, tí wọ́n yàwòrán ọwọ́ nínú abọ́ omi sí i, ìyẹn ni pé ọwọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, maṣíìnì á bà á jẹ́. Ohun tó ń ba tiwọn jẹ́ yẹn la ń wá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u kẹ́ ẹ tún un hun, ẹ yí i síta kẹ́ ẹ wo ojú rírán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi maṣíìnì wífì, èyí tó ń gé etí aṣọ bó ṣe ń rán an, gé e, ẹ má rà á fún títú, gbogbo ìlà ló ti gé sí wẹ́wẹ́. Èyí tí wọ́n kàn fi òwú kan rán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pọ̀, tẹ́ ẹ bá fà á á tú ṣọ̀ọ̀rọ̀, òun ni. Òwú ẹ̀ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ pa méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí maṣíìnì yín lè gbé e. Ẹ wé e mọ́ ẹ̀yìn àga, ẹ wọ́n omi sí i, kó nà, torí ó máa ká bí irun àwọn ọmọ Fúlàní.

Lórí fífọ̀, èmi ò lo maṣíìnì rí. Bàsíà méjì, ọ̀kan omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà pẹ̀lú ọṣẹ, ọ̀kan omi tútù. Mo máa ń gbé pátákó ìfọṣọ sínú ti gbígbóná, mo máa ń rún un síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, mo sì máa ń yí i torí ibi tẹ́ ẹ bá rún ni á súnkì. Mínìítì mẹ́wàá àkọ́kọ́ ó máa fẹ̀ sí i, ẹ̀rù á bà yín, ẹ má dá a dúró. Ó máa dé ibì kan tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ lọ́wọ́, á kàn le wìn, ojú níìtìn ẹ̀ á sì máa parẹ́. Nígbà yẹn, ẹ jù ú sínú omi tútù, ẹ tún gbé e padà. Tẹ́ ẹ bá fà á tí ẹ ò lè rí ojú kankan mọ́, ó ti jinná. Ẹ fi náílọ̀n wé agolo, ẹ wọ̀ ọ́ fún agolo, ẹ fọwọ́ tẹ́ ìdí ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní òjìji fún ọjọ́ méjì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Gbogbo wàhálà yìí. Ẹ kàn po sítáàṣì kó ki, ẹ rì í bọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ fún agolo, ẹ sá a. Ó ti tán.

Sisí Olówùú, Manchester

@Ọmọ Ìjẹ̀bú, á dúró lóòótọ́, títí di oṣù kẹfà. Òjò bá rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, á padà di ìbọ̀sẹ̀, eku á sì wá jẹ sítáàṣì yẹn kún un.

Àǹtí mi, mo gbà fún yín lórí ọwọ́ yẹn. Maṣíìnì tiwa níbí, tẹ́ ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ẹ ò lè fọwọ́ kan nǹkan inú ẹ̀ mọ́, ẹ ó kàn máa gbàdúrà. Ọ̀kan nínú tèmi súnkì kọjá àlà, ó di nǹkan tí mo fi ń gbé ife tíì lé.

Ìyá Tọ́mi, Ìbàdàn

Mo ti dé o. Mo ṣáná sí wúlù Dùgbẹ̀: ó yọ́ tọ́tọ́, ó dì sí kókó dúdú lórí síǹkì mi, mo fi ọ̀bẹ ha á kó tó kúrò. Mo wá rántí sùwẹ́tà kan tí dádì Tọ́mi gbé bọ̀ láti Jos lọ́dún wo ni ò, mo gé òwú kan nínú apá ẹ̀, mo ṣáná sí i. Tọ́mi sáré jáde nínú yàrá ó ní Mọ́mì, ta ló ń jó orí ewúrẹ́. Mo ní dákẹ́ ẹnu ẹ.

Mo ti yẹ ojú rírán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò, òwú kan ṣoṣo ni, mo ti tú apá kan dé igbọ̀nwọ́. Ẹni tó ni sùwẹ́tà ò tíì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, téèyàn bá pa òwú mẹ́ta pọ̀, ojú ihò wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì yẹn ni kí n gbà á kọjá?

Sisí Olówùú, Manchester

Èyí tó dẹ̀ jù mà. Tó bá le kò ní ráyè súnkì. Ẹ sì tètè tú apá kejì kó tó dé.