Puttanesca: ṣé ọbẹ̀ aṣẹ́wó ni lóòótọ́?

Abéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Puttana nínú èdè Ítálì, aṣẹ́wó ni. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pe ọbẹ̀ spaghetti ní "alla puttanesca"? Àwọn kan ní ilé aṣẹ́wó ní Naples ni wọ́n ti ń sè é, torí pé kì í pẹ́ jinná. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí sì ni kì í jẹ́ kí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù?

Atúmọ̀: Ìtumọ̀ yẹn tọ̀nà. "Alla" ni "bíi ti", nítorí náà "bíi ti aṣẹ́wó" ni. Àmọ́ ẹ má fi orúkọ ọbẹ̀ wá ẹni tó sè é. Marinara, ọbẹ̀ tòmátò àwọn ará Ítálì, jẹ́ "bíi ti atukọ̀", kò sì sí ẹja nínú rẹ̀. Ìtàn ilé aṣẹ́wó yẹn dùn ún gbọ́ ni, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ náà wà nínú ìwé ìtàn àròsọ tí Raffaele La Capria tẹ̀ jáde ní 1961, ibẹ̀ ló ti mẹ́nu ba spaghetti alla puttanesca bí wọ́n ṣe ń sè é ní Siracusa. Sicily nìyẹn o, kì í ṣe Naples!

Erékùṣù: Ẹ má gbàgbé ti Ischia, erékùṣù kan lẹ́bàá Naples. Sandro Petti, ayàwòrán-ilé tó lọ́wọ́ nínú ilé oúnjẹ Rancio Fellone níbẹ̀, sọ pé ní àwọn ọdún 1950, àwọn oníbàárà wọlé lóru nígbà tí oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ní kó ṣáà ṣe "una puttanata qualsiasi". Puttanata kì í ṣe aṣẹ́wó mọ́, játijàti ni: "ṣe jákujàku kan fún wa ṣá". Ohun tó kù nílé ìdáná ló sè, orúkọ yẹn ló sì fi kọ ọ́ sí àkọsílẹ̀ oúnjẹ. Pé àwàdà ni orúkọ náà, mo gbà. Pé ẹnì kan ló dá a sílẹ̀, ìyẹn ni mi ò gbà.

Amúná: Ọ̀rọ̀ iyọ̀: ólífì, acciughe (ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀) àti capperi (òdòdó tí kò tíì là, tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́) ti gbé iyọ̀ wá. Ẹ rẹ capperi sómi fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì ṣàn án. Ẹ má bu iyọ̀ kankan sọ́bẹ̀ títí ẹ ó fi tọ́ ọ wò pẹ̀lú spaghetti nínú rẹ̀.

Fún ẹni mẹ́rin: spaghetti 400 g, tòmátò agolo 400 g, ólífì dúdú 100 g (ti Gaeta, ìlú kan ní Ítálì, ni mo fara mọ́), capperi ṣíbí ìjẹun 2, acciughe 4, ọmọ aáyù 2, ata gbígbẹ. Ẹ fi iná kékeré yọ́ acciughe nínú òróró ólífì pẹ̀lú aáyù àti ata. Bí aáyù bá ti ń pọ́n, ẹ yọ ọ́. Tó bá fi lè dúdú, ọbẹ̀ ti korò nìyẹn, tòmátò kò ní bò ó. Tòmátò gba ìṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú 3 tó gbẹ̀yìn ni ólífì àti capperi ń wọlé, torí ólífì tó pẹ́ lórí iná máa ń korò. Ẹ yọ spaghetti ní ìṣẹ́jú 2 ṣáájú àkókò tó wà lára páálí, kó parí jíjinná nínú ọbẹ̀, kí ẹ fi díẹ̀ lára omi tí ẹ fi sè é sí i. Omi yẹn ló ń mú kí ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Láìsí i, òróró á dá dúró lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ àwo.

Atúmọ̀: Acciughe kẹ̀? Àwọn ará Róòmù ló ń fi sí i. Ti Naples kì í ní in, "aulive e chiapparielle" ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀: ólífì àti capperi. Kò sí aṣẹ́wó kankan nínú ìyẹn.