Oyún ọ̀sẹ̀ 7: kí ló dé tí ikùn kò tíì yọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmú ń ro mí débi pé n kò fẹ́ kí aṣọ kàn án, mo sì ń tọ̀ léraléra lóru, síbẹ̀ ikùn mi kò yàtọ̀. Ṣé ọmọ náà ń dàgbà?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ilé-ọmọ rẹ ṣì wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn egungun ìbàdí, ìdí nìyẹn tí ikùn kò fi tíì yọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Ọmọ náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti ń lù, ibi tí apá àti ẹsẹ̀ yóò ti jáde sì ti ń yọ bí èéhù.

Àdùkẹ́: Ẹ rántí pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ẹ rí kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ka ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọmọ fúnra rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ 5 lọ. Ẹ máa lo folic acid (fítámìn tí aboyún máa ń lò), 400 microgram lójúmọ́, títí di ọ̀sẹ̀ 12.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, tàbí tí ìrora líle bá mú ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀ ikùn, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lójú ẹsẹ̀.