Òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti ọrọ̀ ajé tí wọ́n ní ká lọ bá, kí ló lè ṣe fún wa?

Ìyá Ìbejì, Iowa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa obìnrin bíi mélòó kan tí à ń se oúnjẹ tà níhìn-ín fẹ́ para pọ̀ gba ilé ìdáná kan tí gbogbo wa á máa lò. Onílé ti ń kánjú ká fọwọ́ síwèé. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì ìlú, wọ́n ní ká lọ bá òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti ọrọ̀ ajé tó wà fún agbègbè wa, pé abẹ́ Extension ti yunifásítì ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ ẹni yìí gan-an? Ṣé òun ló ń fúnni lówó?

Bàbá Ayọ̀, Ames:
Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn. Kò sí owó lọ́wọ́ wa. Mo tètè sọ ọ́ nítorí ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ ọ tí wọn kì í padà wá mọ́, ó sì ń dùn mí, torí ohun tí wọ́n lè rí gbà lọ́dọ̀ wa pọ̀.

Lọ́dún 1914 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin Smith-Lever tó dá Extension sílẹ̀, pé kí ìmọ̀ yunifásítì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè wá jókòó ní kíláàsì. Ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti káúntì ló jọ ń náwó sí i. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìtọ́jú ilé ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ti wá kan òwò àti ìlú pẹ̀lú. Iowa ní káúntì 99, ọ̀pọ̀ káúntì sì lè wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo nínú wa.

Tí ẹ bá dé, a óò bi yín pé: ta ló máa ra oúnjẹ náà? Lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ á wà? Bí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò, báwo lowó rẹ̀ á ṣe jáde? Ẹni tó ti dá àjọ rí mọ ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. A óò jókòó tì yín títí ẹ ó fi fẹnu kò, a ó sì jọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Ìlú tí èrò rẹ̀ kò bá tó 65,000, American Community Survey, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe nípa àwọn ará ìlú lọ́dọọdún, kì í gbé ìṣirò ọdún kan tó kún jáde fún un; ti ọdún 5 tí wọ́n pa pọ̀ ni ẹ ó rí. Àwa tá a kéré ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú rẹ̀, nítorí ìdáhùn àwọn díẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo ìlú. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìwádìí tiwọn: èèyàn mélòó ló ń ra jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́sẹ̀, èló ni wọ́n ń san, ibo ni wọ́n ń rìn dé kí wọ́n tó rí i rà. Irú ìwé yẹn ni ẹni tó fẹ́ yá yín lówó máa ń fẹ́ rí.

Ní ti owó, SBA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún òwò kékeré, kì í fúnni lówó ọ̀fẹ́ láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ẹ má gba ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Àmọ́ wọ́n ní ẹ̀yáwó kékeré tí kì í kọjá $50,000, àwọn àjọ tí kì í ṣe ti èrè ló sì ń pín in. A lè mú yín mọ àwọn tó wà nítòsí.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston:
Ẹ ṣeun, bàbá. Yunifásítì Prairie View A&M náà ní irú ẹ̀ka yìí níbí. Mo fẹ́ fi kan kún un: ẹnì kan gbowó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa láti bá wa gba EIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí ẹgbẹ́, kó sì bá wa forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov, ìkànnì àwọn tó fẹ́ bá ìjọba àpapọ̀ ṣòwò tàbí gbowó ìrànwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ káwọn ará wa mọ̀.

Ìyá Ìbejì, Iowa:
Ó mà ga o! Bàbá Ayọ̀, ṣé dandan ni ká gba 501(c)(3), àṣẹ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè tí kì í san owó orí?

Bàbá Ayọ̀, Ames:
Rárá o. Tí ẹ bá fẹ́ máa pín èrè, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí LLC, ilé-iṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ kì í sábà kan dúkìá àwọn tó ni ín, ló yẹ yín. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ lédè tàbí tó ń ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́ ni 501(c)(3) bá mu. $275 ni wọ́n ń san fún fọ́ọ̀mù 1023-EZ tí wọ́n fi ń béèrè àṣẹ náà, bí owó tó ń wọlé lọ́dún kò bá ní ju $50,000 lọ. Kí wọ́n má sì gbàgbé fọ́ọ̀mù 990-N tí wọ́n fi ń jíṣẹ́ fún àjọ owó orí lọ́dọọdún. Bí ọdún mẹ́ta bá tẹ̀ léra wọn láìfi í ránṣẹ́, àṣẹ náà ti bọ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ rere ti kú báyìí lójú mi, nítorí pé akọ̀wé kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì, kò sì fi iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ bẹ onílé kó ní sùúrù. Ìwé ilé tí ẹ bá ti fọwọ́ sí, kò sóhun tí a lè tún ṣe sí i mọ́. Àwọn tó ń yẹ ilé oúnjẹ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bóyá ibẹ̀ ṣe é lò. Tí ẹ bá sì ń lọ, kó má ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ mú ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì wọ̀ létí láàárín yín dání, torí ìbéèrè tirẹ̀ la máa ń fẹ́ gbọ́ jù.