Ẹ̀yin ológun tó ti fẹ̀yìn tì, báwo lẹ ṣe ń rí ìtọ́jú gbà?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ tó ń bá wa kà á. Sájẹ́ǹtì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo wà lára àwọn tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó lọ sí ogun Liberia, irin bọ́ǹbù kékeré kan ṣì wà nínú itan ọ̀tún mi. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ṣe ni ẹsẹ̀ náà máa ń gan.

Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, Ìbàdàn ni ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Adójútòfò ìlera tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2005 ni mò ń lò. Òfin 2022 ti yí orúkọ rẹ̀ sí NHIA, ṣùgbọ́n NHIS náà la ṣì ń pè é.

Lóṣù tó kọjá, aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé. Ọmọ ọmọ mi ló gbé ọ̀rá tí mo kó ìwé ìfẹ̀yìntì àti káàdì pẹ́ńṣọ̀n mi sí. Dókítà yẹ̀ mí wò dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí n lọ ya fọ́tò inú ẹsẹ̀ náà (X-ray), pé ẹ̀rọ tiwọn ò ṣiṣẹ́, kí n lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́, pé àwọn gbà kí wọ́n ṣe é. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ìgbà tí mo bá rọra fà dé ojú fèrèsé, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ á ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kóòdù ò tíì wọlé." Ojú ń ti òun náà. Nígbà tó di aago mẹ́rin, wọ́n ti fèrèsé.

Nínú oògùn márùn-ún tí dókítà kọ, méjì ni wọ́n rí fún mi. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mi ò gbọ́dọ̀ má lò, kẹ́míìsì ni mo ti lọ rà á. Ní Liberia, tí ọta bá ba ẹnìkan nínú wa, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń gbé e. Ìyẹn ni mò ń rò lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́?

*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Bàbá tèmi jagun abẹ́lé láti 1967 títí ó fi parí ní 1970. Etí rẹ̀ ti di. Nígbà tí a ní kí wọ́n bá wa ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí, wọ́n ní kó mú ìwé wá pé ogun ló bà á jẹ́. Ta ló ń kọ ìwé nínú kòtò ogun? Àwa ọmọ la dáwó rà á.

*

Ẹ kú ìnira, Bàbá. Houston ni mo wà. Ètò MAVNI ni mo bá wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ní Afghanistan, inú kòtò ni wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí, èéfín rẹ̀ la fi ń mí. Ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí mo délé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì kọ́kọ́ ní n kò ní ẹ̀rí pé èéfín náà ló fà á. Òfin PACT ti Ọ̀gọ́sì 2022 ló gbà mí: tí àìsàn rẹ bá wà lára èyí tí òfin dárúkọ, tí o sì sìn níbi tí wọ́n kà sílẹ̀, wọn ò ní bi ọ́ mọ́ pé kí ló fà á.

Ìdúró wà níbí náà o. Oṣù mẹ́ta ni mo fi retí ẹni tó máa bá mi sọ̀rọ̀ nípa oorun tí mi ò rí sùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé, fún irú ìtọ́jú yẹn, tí ìdúró bá ju 20 ọjọ́ lọ, tàbí tí ìrìn àjò bá ju 30 ìṣẹ́jú nínú mọ́tò, mo lè ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sọ́dọ̀ dókítà aládàáni, kí ìjọba san án. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Irú ìlànà yẹn gan-an ló yẹ ẹni tó ń ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn.

*

O ṣeun, ọmọ mi. Kóòdù náà wọlé lọ́jọ́ kẹsàn-án, sórí fóònù ọmọ ọmọ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa lọ ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà. Ìwọ ọmọ tí bàbá rẹ jagun, bá mi kí i. Sún mọ́ etí rẹ̀ dáadáa kí o tó sọ ọ́.